Ẹ Tẹ Líǹkì Mi: Bí Owó Alágbàtà Ṣe Ń Rìn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú ètò tó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe fídíò, àwọn tó ń kọ búlọ́ọ̀gì, àti àwa tí à ń ṣe pọ́díkáàsì. Ìbéèrè kan ni ẹ bi wá jù lẹ́yìn rẹ̀: bí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń gbọ́ ọ, níbo ni owó ti ń wọlé fún ẹni tó ń ṣe é?

Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Ìpolówó wà, ẹ̀bùn látọ̀dọ̀ olùgbọ́ wà, àwọn mìíràn sì ń ta fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì. Lónìí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tú wò fínnífínní: líǹkì tí ẹ máa ń rí lábẹ́ fídíò, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ní, "Ẹ tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí i rà." Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí ẹ sì ra nǹkan, ẹni yẹn á gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Èmi á máa pe iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ alágbàtà, màá sì pe owó tó ń tibẹ̀ wá ní owó alágbàtà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ẹ̀rọ tó ń ka owó yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ náà lè rí, àti ohun tí kò lè rí, ló ń darí ìwà àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ìgbà tó yẹ kó gba ìmọ̀ràn ẹni orí fídíò gbọ́. Á sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun náà dán an wò.

Agbèrò orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ rí ní Òṣòdì, tàbí ní Ìwó Róòdù n'Íbàdàn, mọ agbèrò. Òun kọ́ ló ni ọkọ̀, òun kọ́ ló sì ń wà á. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pariwo ibi tí ọkọ̀ ń lọ, kó máa sọ pé ó ku ẹnì kan péré. Bí ọkọ̀ bá kún, awakọ̀ á fún un lówó. Èrò kì í san owó agbèrò lọ́tọ̀. Inú owó ọkọ̀ ló ti ń jáde.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tó ń fi líǹkì síta. Kò ra ọjà, kò kó o pamọ́ sílé, kò gbé e ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń pe èrò ni. Ẹni mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ọlọ́jà, alágbàtà àti oníbàárà. Nígbà mìíràn, ẹnì kẹrin á wà láàárín ọlọ́jà àti alágbàtà. Ilé-iṣẹ́ kan ni, tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ líǹkì, tó sì ń pín owó. Awin, CJ àti Rakuten wà lára irú wọn. Nítorí wọn, ọlọ́jà kékeré lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún alágbàtà tí kò fojú kan rí.

Ètò yìí ti pẹ́ díẹ̀. Ilé-ìtajà orin kan tó ń jẹ́ CDNow ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1994. Àmọ́ Amazon ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò tó pè ní Associates ní 1996. Ìwé ni Amazon ń tà nígbà yẹn. Bí ẹnì kan bá ní ìkànnì nípa òdòdó, ó lè júwe ìwé tó sọ nípa òdòdó, kó sì gba owó lórí ẹ̀dà tí òǹkàwé rẹ̀ bá rà.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye kan náà ni oníbàárà sábà máa ń san, ì báà tẹ líǹkì alágbàtà, ì báà má tẹ̀ ẹ́. Inú èrè ọlọ́jà ni owó alágbàtà ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sọ pé, "Kò sí ohun tí ẹ máa pàdánù bí ẹ bá tẹ líǹkì mi." Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ti iye owó nìkan. Ti ìmọ̀ràn tí ẹ gbà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀, a ó sì dé orí rẹ̀.

Ohun tó wà nínú líǹkì

Ẹ wo líǹkì alágbàtà Amazon kan dáadáa. Orúkọ ìkànnì á kọ́kọ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọjà á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rí àmì ìbéèrè, ẹ ó sì rí nǹkan tó jọ èyí: tag=orukomi-21. Orúkọ alágbàtà nìyẹn. Àmì ìbéèrè yẹn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ojú-ewé tí à ń wá ti parí síbẹ̀, àfikún ọ̀rọ̀ ló kù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń parí sí 21, ti Amẹ́ríkà sí 20. Bí ẹ bá pa gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè náà rẹ́, ọjà kan náà ló máa jáde, iye kan náà ló máa jẹ́. Alágbàtà nìkan ló máa pòórá.

Ìṣòro kan wá wà. Ọ̀nà tí bíráwúsà àti ìkànnì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní HTTP, kì í rántí nǹkan. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú-ewé tuntun, bí ẹni pé ìkànnì náà kò rí yín rí ni. Ẹ fojú inú wo ìyá ọlọ́jà kan tó ń gbàgbé oníbàárà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́jú. Ẹ mú tòmátì, kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí ata, ó ti ń bi yín pé, "Kí lẹ fẹ́ rà?"

Ní 1994, Lou Montulli, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní ilé-iṣẹ́ Netscape, wá ojútùú sí i. Ìkànnì á máa fún bíráwúsà ní ìwé pélébé kan kó tọ́jú. Nígbàkúùgbà tí bíráwúsà bá padà wá, á fi ìwé náà hàn, ìkànnì á sì dá a mọ̀. Cookie ni wọ́n ń pe ìwé pélébé yẹn. Kò ju lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe ohun jíjẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ líǹkì mi, ìkànnì ọlọ́jà á ka orúkọ mi lára rẹ̀. Á fi cookie sínú bíráwúsà yín láti rántí pé èmi ni mo mú yín wá. Á sì dá àkókò fún un. Bí ẹ bá sanwó kí àkókò náà tó pé, ọlọ́jà á rí orúkọ mi, á sì kọ owó sí i. Bí àkókò bá ti kọjá, ó parí nìyẹn.

Ti Amazon, wákàtí 24 ni. Bí ẹ bá gbé ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ kí wákàtí náà tó pé, tí ẹ ò tíì sanwó, alágbàtà ṣì lè gba owó rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àwọn ọlọ́jà mìíràn ń fún un ní ọjọ́ 30, àwọn kan sì ń fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan tún wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: ní Amazon, kò pọn dandan kó jẹ́ ohun tí mo júwe lẹ máa rà. Mo lè júwe ìwé, kẹ́ ẹ wọ ibẹ̀ lọ ra ìkòkò. Owó ìkòkò náà á kàn mí.

Ọ̀nà kan ò wọjà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àǹtí kan ní Toronto fẹ́ ra máìkì. Ó gbọ́ ètò wa, níbi tí mo ti fi 40 ìṣẹ́jú ṣàlàyé irú máìkì tó dára fún yàrá tó ń dún gbùngbùn. Lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ líǹkì mi, ó wò ó, ó ní òun á rò ó ná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wo fídíò ẹlòmíràn. Lọ́jọ́rú, ó ti pinnu láti rà á. Kó tó sanwó, ó ní kí òun wá kúpọ́nù, ó sì tẹ líǹkì ìkànnì kúpọ́nù kan. Ta ló máa gba owó?

Ìkànnì kúpọ́nù ni. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà, ẹni tí wọ́n tẹ líǹkì rẹ̀ kẹ́yìn ló ń gba gbogbo owó. Orúkọ tuntun ló ń bo orúkọ àtijọ́ mọ́lẹ̀ nínú cookie. Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọjà, òótọ́ sì ni: ọ̀nà mẹ́ta ni àǹtí yìí gbà dé ọjà. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Ọ̀nà tó gbà gbẹ̀yìn nìkan ló rí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀yà àfikún bíráwúsà tó ń wá kúpọ́nù fúnni fi ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn alágbàtà. Wọ́n máa ń yọjú ní ẹnu ọ̀nà owó sísan, nígbà tí oníbàárà ti pinnu tán. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì wọn níbẹ̀, wọ́n lè di ẹni ìkẹyìn, ì báà tiẹ̀ má sí kúpọ́nù kankan tí wọ́n rí fún yín.

Àwọn ibòmíràn tún wà tí owó ti ń já bọ́ lọ́nà. Bí ẹnì kan bá tẹ líǹkì lórí fóònù, tó wá lọ rà á lórí kọ̀ǹpútà, cookie inú fóònù kì í bá a lọ. Láti 2020, Safari ti Apple ti ń dí cookie gbogbo ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ìkànnì tí ẹ ṣí gan-an. Ó dára fún àṣírí yín, torí wọ́n ń fi cookie bẹ́ẹ̀ tọ ènìyàn lẹ́yìn láti ìkànnì dé ìkànnì. Ó sì mú kí ìkàyé le fún àwọn ilé-iṣẹ́ aláàárín. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tiwọn bá kọ̀ǹpútà aláàárín sọ̀rọ̀ tààrà, láì gba inú bíráwúsà oníbàárà.

Àwa oní-pọ́díkáàsì ní wàhálà tiwa. Ta ló ń fi ìka tẹ ohùn? Ẹni tó ń gbọ́ wa nínú bọ́ọ̀sì, tàbí tó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, kò lè tẹ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí pọ́díkáàsì fi ń lo kóòdù: ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí olùgbọ́ á kọ síbi owó sísan, tó sì máa ń dín iye kù fún un. Kóòdù náà ló ń ṣe iṣẹ́ cookie. Bí ẹ bá ń ṣe ètò ní èdè Yorùbá, ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ìkànnì ọlọ́jà kò ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni olùgbọ́ ní lọ́kàn nígbà tó tẹ eko.

Tiwa tún ní ìṣòro kan tí ti àwọn ẹlòmíràn lè má ní: àwọn ènìyàn wa fọ́n káàkiri. Ètò kan náà ni wọ́n ń gbọ́ ní London, ní Houston, ní Toronto àti ní Èkó. Orúkọ alágbàtà tí mo gbà lọ́dọ̀ Amazon ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣiṣẹ́ ní ti Amẹ́ríkà. Amazon ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ OneLink, tó ń darí olúkúlùkù sí ìsọ̀ orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Olùgbọ́ tó wà ní Èkó kò sì ní ìsọ̀ Amazon kankan ní Nàìjíríà tí a lè darí rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Àwọn nọ́ńbà tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Máìkì kan jẹ́ 100 pọ́ùn. Ọlọ́jà ń fún alágbàtà ní ìdá 4 nínú 100, ìyẹn 4 pọ́ùn. Ènìyàn 1,000 gbọ́ ètò náà, 30 nínú wọn tẹ líǹkì, 2 rà á. Owó tó wọlé jẹ́ 8 pọ́ùn. Bí ọ̀kan bá dá máìkì tirẹ̀ padà, ọlọ́jà á yọ owó rẹ̀ kúrò, ó ku 4. Amazon kì í sì í sanwó lójú ẹsẹ̀: nǹkan bí ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí oṣù bá parí ni.

Bí ètò náà bá gba wákàtí mẹ́wàá láti ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò sì dá máìkì padà, 80 pẹ́nsì ni wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ẹ mọ ohun tí 80 pẹ́nsì lè rà.

Kí owó yẹn tó lè san owó ilé, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ yí padà. Kí òǹkàwé pọ̀ gan-an, tàbí kí ọjà náà wọ́n, tàbí kí ìdá tí ọlọ́jà ń fúnni ga. Ìdá yìí yàtọ̀ síra lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Máìkì ní irin nínú, ó ní ọkọ̀ tó gbé e, ó ní ilé tí wọ́n kó o sí; èrè orí rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí fídíò yàtọ̀. Ẹ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan, torí náà ó lè fún alágbàtà ní ìdajì owó láìjẹ gbèsè. Ní Brazil, Hotmart, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Belo Horizonte ní 2011, gbilẹ̀ lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́jà ló sì ń pinnu ìdá náà, ó lè yí i padà nígbà tó bá wù ú. Ní oṣù kẹrin 2020, Amazon dín ti ọ̀pọ̀ ọjà kù ní Amẹ́ríkà. Ti àga àti tábìlì lọ láti ìdá 8 sí ìdá 3 nínú 100. Ti oúnjẹ lọ láti 5 sí 1. Ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún kọ̀wé nípa àga ilé jí lọ́jọ́ kan, owó rẹ̀ ò tó ìdajì mọ́, bẹ́ẹ̀ iye ènìyàn tó ń ka ìwé rẹ̀ kò dín kù.

Ibi tí ìdánwò wà

Ẹ kó gbogbo nǹkan yìí pọ̀. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó fi òótọ́ inú ṣàlàyé. Kò mọ̀ bóyá ọjà náà bá oníbàárà lára mu. Líǹkì tí wọ́n tẹ̀ àti owó tí wọ́n san nìkan ló mọ̀. Ìdá ọjà kan sì lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti òmíràn. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí alágbàtà bá jókòó láti kọ "Ohun márùn-ún tó dára jù", ohùn kan á máa sọ fún un létí pé kó fi èyí tó ń sanwó jù ṣe àkọ́kọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá. Bí mo bá fẹ́ kọ "Ohun márùn-ún tó máa ràn yín lọ́wọ́ láti kọ́ Yorùbá", díẹ̀ nínú àwọn tó wúlò jù jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n tẹ̀ ní 1852, ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó tún ń gba owó àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ní Yorùbá nínú, kò sì gba kọ́bọ̀. Àǹtí yín tó lè bá yín sọ Yorùbá lórí fóònù fún ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ kò ní líǹkì. Kò sí èyí tó máa fún mi ní owó alágbàtà nínú gbogbo wọn. Ètò orí fóònù tí ènìyàn ń sanwó fún lóṣooṣù lè fún mi. Bí ẹ bá ka àkójọ mi, tí gbogbo ohun márùn-ún sì jẹ́ ohun rírà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi mí pé, "Níbo ni ti ọ̀fẹ́ wà?"

Ó tún le jù báyẹn lọ láàárín àwa tí a wà lẹ́yìn odi. A máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa: nínú WhatsApp ìjọ, ti mọ́sálásí, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Líǹkì tí mo fi síbí lónìí lè dé ọwọ́ ìyá àgbà kan lọ́la, tí kò mọ̀ mí rárá, ṣùgbọ́n tó máa sọ pé, "Ọmọ wa ni, kò ní tàn wá." Ó lè jẹ́ ètò ìfowóránṣẹ́, ó lè jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, ó lè jẹ́ oògùn ìbílẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn ni ọjà gan-an. Ọlọ́jà mọ̀ pé òun ò lè rà á, ló fi ń yá a lọ́wọ́ wa ní ìdá díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ná an tán, kò sí ọlọ́jà tó máa bá wa dá a padà.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi kí n tó fi líǹkì kankan síta kò ṣòro: ṣé màá sọ fún màmá mi pé kó rà á, bí wọn ò bá ní fún mi ní kọ́bọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní júwe rẹ̀ fún màmá ẹlòmíràn.

Ohun tí òfin sọ

Àwọn ìjọba náà mọ̀ pé ẹ̀rọ ò lè rí ìgbàgbọ́, torí náà wọ́n fi òfin dí àlàfo yẹn. Ní Amẹ́ríkà, FTC ló ń mójú tó o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ASA àti CMA ni. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ kò yàtọ̀ púpọ̀: bí ẹ bá ń gba owó lórí ohun tí ẹ júwe, ẹ sọ ọ́ kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́, níbi tí ojú á ti rí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá ojú-ewé kọ́ ni ibi rẹ̀. ASA tiẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bí "affiliate" nìkan ṣe àmì, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. "Ad" ni wọ́n fẹ́, torí ìyẹn yé tọmọdé tàgbà.

Ìlànà FTC kan wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: èdè tí ẹ fi júwe ọjà ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Ẹni tó bá fi Yorùbá polówó, tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké sọ pé òun ń gbowó, kò tíì sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ohùn lẹ fi júwe rẹ̀, ẹ fi ohùn sọ ọ́. Olùgbọ́ tó ń fọ abọ́ kò ka ohun tó wà lábẹ́ ètò. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Líǹkì alágbàtà ni èyí. Bí ẹ bá fi ra nǹkan, ọlọ́jà á fún mi lówó díẹ̀." Kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ẹ̀tàn tó le ju ìyẹn lọ tún wà. Àwọn kan máa ń kọ kóòdù tó ń fi cookie tiwọn sínú bíráwúsà ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀, láìjẹ́ pé ẹni náà tẹ líǹkì kankan. Bó bá ra nǹkan lẹ́yìn náà, àwọn ni wọ́n á gbowó. Olè ni. Ní 2014, wọ́n rán ọkùnrin kan tó jẹ́ alágbàtà ńlá fún eBay lọ sẹ́wọ̀n oṣù márùn-ún ní Amẹ́ríkà nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Físà àti owó orí

Abala yìí kéré, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹni tó bá ń lo físà akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ dá òwò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ alágbàtà sì lè bọ́ sábẹ́ ìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní físà F-1 tó bá ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ lè pàdánù físà náà. Pọ́ùn mẹ́jọ kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì yín, tàbí kẹ́ ẹ bi lọ́yà.

Ẹni tí físà rẹ̀ bá gbà á náà gbọ́dọ̀ rántí owó orí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1,000 pọ́ùn àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí nídìí òwò láàárín ọdún owó orí kan kò ní owó orí. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí HMRC mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí èrè iṣẹ́ ara ẹni bá ti tó 400 dọ́là lọ́dún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé owó orí lórí rẹ̀. Ẹ máa kọ gbogbo owó tó bá wọlé sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ẹ ń lò fúnra yín ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ mọ àléébù rẹ̀. Ẹ sọ àléébù náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ìdí ìkòkò kan máa ń jóná, tó wá ní òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ó ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti fi ìkòkò náà se ọbẹ̀ rí.

Ẹ mọ òfin ilé tí ẹ wọ̀. Amazon ń fẹ́ kí alágbàtà tuntun mú ó kéré tán oníbàárà mẹ́ta ra nǹkan láàárín ọjọ́ 180, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti àkáǹtì rẹ̀. Wọn ò sì gbà kí ènìyàn gba líǹkì ara rẹ̀ ra nǹkan. Nítorí náà, ẹ má tètè forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó ní òǹkàwé. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tó wúlò, kí àwọn ènìyàn máa wá. Líǹkì lè dé lẹ́yìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye òǹkàwé tó kéré dẹ́rù bà yín. Ètò tí wọ́n ń ṣe ní Yorùbá fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi kò ní ní èrò tó pọ̀ tó ti ètò Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ ń dúró dè é, wọ́n ń dáhùn, wọ́n sì máa ń rántí ẹni tó sọ òótọ́ fún wọn àti ẹni tó tà wọ́n. Cookie máa ń kú lẹ́yìn wákàtí 24. Tiwọn kì í kú bọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, tàbí tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dára ju alágbàtà lọ fún iṣẹ́ yìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó kà á nínú ètò tó ń bọ̀. Ó dìgbà kan ná.